Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, kí ni kí n máa gbé sórí status àti Instagram?

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ àti kàm̀pálà lèmi ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń rẹ ẹ́, ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ ọ̀hún. Ọmọ mi ló ṣí Instagram fún mi, Facebook wà, WhatsApp Business náà wà lórí fóònù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ gbé síbẹ̀ mọ́. Fọ́tò aṣọ lónìí, fọ́tò aṣọ lọ́la, "new stock available", ó ti sú èmi alára, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ tàwọn tó ń wò ó. Ẹnì kan ní kí n máa jó lórí TikTok. Pẹ̀lú orúnkún wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí ayélujára, báwo lẹ ṣe ń ṣètò nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ tí ò fi ní pa iṣẹ́ lára? Ẹ má sọ pé kí n gba èèyàn síṣẹ́ o, owó ẹ̀ ò tíì sí.

Tẹ́lọ̀ Mókọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ fi ijó sílẹ̀ jàre, àfi tó bá wù yín. Èmi ò rò pé nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé jáde ló wọ́n yín, torí ẹni tó ń rẹ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ara ẹ̀ ti ní ju ohun tó lè lò tán lọ́dún kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣí WhatsApp yín, ẹ wo gbogbo ìbéèrè táwọn oníbàárà bi yín láàárín oṣù tó kọjá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí "ṣé kì í ṣá?", ẹ máa rí "yáàdì mélòó ló máa tó mi?", ẹ máa rí "ṣé ẹ lè bá wa rẹ ti aṣọ ẹbí, ọjọ́ mélòó ló máa gbà?", àti "ṣé àfọwọ́ṣe ni àbí ti Ṣáínà?". Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yẹn, kọ́ńtẹ́ǹtì odindi kan ni. Ẹnì kan ló béèrè, àmọ́ àwọn tó fẹ́ béèrè tí wọn ò wulẹ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀ jù ú lọ.

Ti yáàdì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù fún èmi. Mo kàn tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo kọ ọ́ sí i lára pé ìró àti bùbá, yáàdì márùn-ún, agbádá kíkún, mẹ́wàá, tẹ́ni náà bá tóbi ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó parí. Àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ránṣọ wọ́n á ṣí i, nọ́ńbà mi á sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Fọ́tò Òkè-Ìlewó:
Ṣé kì í ṣe Ìtòkú ni mò ń wò yìí, tí mo wá ń wá ibi tí mo ti máa ya fídíò lọ sí Èkó 😂

Mà, ẹ gbọ́. Ohun kan wà lẹ́nu iṣẹ́ yín tí ò sí lẹ́nu iṣẹ́ ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá fa aṣọ jáde látinú aró ẹlú, kì í jáde ní búlúù, àwọ̀ ewé tó ń lọ sí yẹ́lò ló máa ń ní, tí atẹ́gùn bá wá kàn án tán á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa yí, títí á fi dúdú lójú yín níbẹ̀. Ẹ̀yin ti rí i débi pé ẹ ò kà á sí nǹkan kan mọ́, àmọ́ ẹni tó wà ní Lẹ́kì ò rí i rí, á rò pé idán ni. Ẹ gbé fóònù sójú kan, kó má mì, kẹ́ ẹ ká a látìgbà tí aṣọ ti yọjú títí tó fi yí tán. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, ariwo omi tó ń kán yẹn ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oníko: aṣọ ti ká jọ gbogbo ẹ̀ ti di kókó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ wá ń já ìko ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí fídíò bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń já a gan-an o. Ẹ má fi "hello my people, welcome to my page" bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó kí wọn tán wọ́n ti fìka gbá yín kọjá.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí lẹ́yìn mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń jẹ́ kí aṣọ funfun bàlàú nínú fọ́tò, gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù sì máa ń pa àwọ̀ dà, kọ́sítọ́mà á wá ní nǹkan tẹ́ ẹ gbé wá kọ́ lòun rí.

Ìyá Ìbejì Small Chops:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹ ṣé o. Èmi fẹ́ sọ ti status torí ibẹ̀ lowó mi ti ń wọlé, Instagram kàn wà fún oge ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tí ò bá save nọ́ńbà yín ò lè rí status yín? Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ ti save tiẹ̀. Ibẹ̀ lọjà ọ̀pọ̀ èèyàn ń kú sí, wọ́n á ní nọ́ńbà rẹpẹtẹ lórí fóònù, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń rí wọn, wọ́n á ní ayé ń ṣe àwọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó fún un ní ṣéńjì, "ẹ bá mi save nọ́ńbà yìí, Aládìrẹ Ìtòkú, kẹ́ ẹ lè máa rí ọjà tuntun", kẹ́ ẹ sì dúró kó save ẹ̀ lójú yín. Broadcast (ọ̀rọ̀ kan téèyàn fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan) náà bákan náà ni, èèyàn 256 ni list kan ń gbà, ẹni tí ò bá save yín, ọ̀rọ̀ yín ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ẹ má wá gbé ogójì nǹkan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìlà òkè yẹn bá ti gé wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn, fífò ni wọ́n máa fò yín. Mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó lójúmọ́: èyí tó máa mú wọn lójú ló máa ṣáájú, ẹ fi owó ẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ fi fọ́tò ẹni tó ti rà á tó ti wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé ìyẹn, kẹ́ ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe máa rí i rà. Tó bá pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ó ti lọ nìyẹn, torí náà ẹ má tijú láti tún un gbé, ẹni tó rí i ní Mọ́ńdè kọ́ ló máa rí i ní Fúráídè.

Bí mo ṣe ń ṣètò tèmi: ìwé kíkọ ni, mi ò lo àpù kankan. Alẹ́ Sọ́ńdè táwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa kọ Mọ́ńdè, ìbéèrè kan. Wẹ́sìdeè, bá a ṣe ń ṣe é. Fúráídè, ọjà àti owó ẹ̀. Òun náà nìyẹn. Àwọn ọjọ́ tó kù, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní kíṣìnì mo gbé e, tí ò bá ṣẹlẹ̀ mo sinmi. Ẹ̀yin náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ rẹ aṣọ lẹ ká gbogbo fídíò yẹn pa pọ̀, tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́ máa gé e lò kò burú, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ọjọ́ wo lẹ rẹ ẹ́.

Oní-fóònù Ìkẹjà:
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ ti owó yẹn mi ò fara mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá kọ owó síbẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tà á ní ìlà yẹn á kàn dín díẹ̀ kù nínú ẹ̀ ni, wọ́n á kó oníbàárà yín lọ. "DM for price" ló ń jẹ́ kí wọ́n wá bá èèyàn sọ̀rọ̀, inú ọ̀rọ̀ lèèyàn ti ń fà wọ́n.

Tẹ́lọ̀ Mókọ́lá:
Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ o, èmi ò gbà. Tèmi bá rí "DM for price", mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wo fọ́tò tí mo fi sí profáìlì kí wọ́n tó sọ iye. Mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù lọ ò sì ní bá wọn sọ̀rọ̀ náà, wọ́n á kàn kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Lọ́yà Ìbarà:
Mo kàn ń kọjá lọ ni. Òfin ààbò oníbàárà, FCCPA ti 2018, abala 115, ní kí ẹni tó ń tajà fi iye ọjà hàn. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń bójú tó o. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí n fẹ́ tàbí kí n má fẹ́ nìkan. Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fọ́tò kọ́sítọ́mà, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà ńlẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn, kódà tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ ṣé mà, ṣé mo lè gbé e sórí page wa?" sí wọn lórí WhatsApp, tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn yẹn ti jẹ́ ẹ̀rí. Tọmọdé, ẹ bi òbí ẹ̀.

Oní-fóònù Ìkẹjà:
Lọ́yà ti dé 😂😂 ó ti tán. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ti aṣọ ẹbí ńkọ́, tó jẹ́ iye àwọ̀ àti iye èèyàn ló ń sọ iye tó máa jẹ́?

Ìyá Ìbejì Small Chops:
Ìyẹn, ẹ kọ "láti iye báyìí", kẹ́ ẹ sọ ohun tó ń mú un gòkè. Ẹ kọ ọ́ kó yé wọn pé àwọ̀ méjì wọ́n ju àwọ̀ kan lọ torí ẹ̀ẹ̀mejì la máa rẹ ẹ́. Ìyẹn gan-an ti jẹ́ kọ́ńtẹ́ǹtì.

Àbúrò Peckham:
Ẹ kú àárọ̀ láti London o. Ẹ jẹ́ n sọ ohun táwa tá a wà lókè òkun ń wò kó tó di pé a fowó ránṣẹ́, torí àwọn ọlọ́jà wa kì í sábà sọ ọ́.

A fẹ́ rí aṣọ lára èèyàn tó ń rìn, kì í ṣe lórí okùn. A fẹ́ rí ojú ẹ̀ méjèèjì, torí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń funfun ju iwájú lọ, ti àfọwọ́ṣe tó mu aró dáadáa máa ń wọ ẹ̀yìn, ojú kan ò sì jọ ojú kejì pátápátá. Ẹ yí aṣọ padà nínú fídíò, ẹ fi han wá. Fídíò kékeré yẹn nìkan á dá àwọn oní-Ṣáínà lóhùn. Ẹ wọn aṣọ yáàdì márùn-ún lórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ sọ iye kílò ẹ̀, torí kílò la fi ń sanwó kágò, ẹni tó mọ kílò ti mọ iye tó máa ná an títí dé ilé.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ orúkọ aṣọ náà. Kì í ṣe "blue adire 5yds". Ìbàdàndùn ni orúkọ bátánì kan! Òpó Mápó ló wà lára ẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ṣíbí láàárín. Ọmọ mi bi mí pé kí làwọn igi tó wà lára ìró mi, mo ní òpó gbọ̀ngàn Mápó ni, ní Ìbàdàn, wọ́n ti kọ́ ọ látọdún 1929, òun fúnra ẹ̀ ló lọ wá fọ́tò ẹ̀ lórí Google tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mi. Ẹ gbé irú ẹ̀ jáde: òpó lápá kan, aṣọ lápá kan. Ẹ tún ní Olókun, ẹ ní àwọn tí ìyá ọkọ yín mọ orúkọ ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ bi ìyá yẹn léèrè orúkọ wọn báyìí tí wọ́n ṣì wà láyé, kẹ́ ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀.

Àti àkókò: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa níbí aago wa bá tiyín mu, nígbà òtútù ẹ fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Àwọn ará Houston ló jìnnà, tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ yín, ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá ní oníbàárà lápá ibẹ̀, alẹ́ lẹ máa gbé tiwọn.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè mi kù díẹ̀ o. Ìyá ò fẹ́ kí n ya òun, wọ́n ní ẹni tó bá rí ojú àwọn lórí fóònù á rò pé wọ́n ti kú ni. Èkejì, tí mo bá gbé bá a ṣe ń ṣe é, ṣé wọn ò ní jí i kọ́? Ẹ̀kẹta, àsìkò òjò la wà yìí, aṣọ ò gbẹ, nǹkan ò lọ geerege.

Fọ́tò Òkè-Ìlewó:
😂😂😂 Ẹ bá mi kí Ìyá. Ojú wọn kọ́ la fẹ́, ọwọ́ wọn ni. Ọwọ́ tó ti dúdú débi èékánná yẹn, ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára tẹ́ru, ẹ ya ìyẹn láti òkè, kí ojú má hàn rárá. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹ fi ohùn wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ó ju orin lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún orin gan-an, tó bá jẹ́ business account lẹ fi ń lo Instagram, ọ̀pọ̀ orin olórin tó gbajúmọ̀ ò ní ṣí fún yín, tẹ́ ẹ bá sì ti ibòmíì fi orin olórin sí i wọ́n lè pa ohùn ẹ̀.

Tẹ́lọ̀ Mókọ́lá:
Ní ti jíjí kọ́: ẹ fi ọwọ́ hàn, ẹ má fi ìwọ̀n hàn. Iye sódà, iye hydrosulphite (kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró), bó ṣe máa pẹ́ tó nínú aró, ìyẹn ò kan kámẹ́rà. Bátánì tuntun tí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ bá òun ṣe fún ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó tán kẹ́ ẹ tó gbé e síta, wọ́n á dúpẹ́, fọ́tò tẹ́ ẹ máa gbé náà á dáa jù torí gbogbo ẹbí ló máa wọ̀ ọ́.

Òjò yẹn, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ ya okùn tí ò sáṣọ lórí ẹ̀, ẹ ní "òjò ń rọ̀ l'Ábẹ́òkúta láti àná, ẹni tó bá fẹ́ aṣọ fún òpin oṣù kó tètè sọ". Ẹni tó ń dúró de aṣọ, tó rí i pé òjò ló fà á, kò ní máa pè yín lẹ́mẹ̀ẹ́wàá.

Oní-fóònù Ìkẹjà:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé mi ò mọ nǹkan kan, ẹ gbọ́ èyí. Ọdún ló ń ta aṣọ. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ rí bí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ṣe gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2024. Ó ti mú kí àwọn tí ò mọ Ìjẹ̀bú-Òde máa béèrè aṣọ. Àmọ́ àwọn regbéregbé (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) ti mú aṣọ wọn tipẹ́tipẹ́ kí ọdún tó dé, ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó, lasán ló ń pariwo. Iléyá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, torí náà ẹ má lo déètì ọdún tó kọjá. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ yí ọdún kọ̀ọ̀kan po, Ọ̀ṣun Òṣogbo ní August, October 1 fún aláwọ̀ ewé, December táwọn ará òkè òkun bá wálé, kẹ́ ẹ wá ka oṣù méjì sẹ́yìn látibẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpin oṣù, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n síwájú lẹ gbé èyí tó wọ́n, àárín oṣù ẹ gbé fìlà, síkáàfù, báàgì, nǹkan tí ò gba owó púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ boost, ẹ má boost nǹkan tó ti kú. Èyí tí àwọn èèyàn ti ń kọ́mẹ́ǹtì sí fúnra wọn ni kẹ́ ẹ fowó tì, kẹ́ ẹ yan ìlú tẹ́ ẹ lè gbé ọjà dé. Ẹ rántí pé VAT 7.5% máa kún un. Ẹ má ra followers o, àwọn yẹn ò wọṣọ.

Ìyá Ìbejì Small Chops:
Nǹkan tẹ́ ẹ gbàgbé ni èsì. Ẹ lè gbé fídíò tó rẹwà jù láyé, tẹ́nì kan bá béèrè "ó ṣì wà?" tẹ́ ẹ dáhùn lọ́jọ́ kejì, ó ti rà á níbòmíì. WhatsApp Business yẹn ní quick reply, ẹ kọ èsì àwọn ìbéèrè tí Tẹ́lọ̀ sọ lókè yẹn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó, yáàdì, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ (omi tútù, ọṣẹ tí ò le, ibòji ni kí wọ́n sá a sí), nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ tún fi àwọn aṣọ yín sínú catalogue ẹ̀, kẹ́ ẹ yé fi fọ́tò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ ń jẹ dátà yín, ẹ ń jẹ tiwọn.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ó ti yé mi. Ọ̀la la máa fa aṣọ jáde, ẹlú ni, ti oníbàárà kan ní Àkúrẹ́. Mo ti ní kí ọmọ dìde ní kùtùkùtù. Kí ni mo máa gbé fóònù lé tí ò fi ní mì?

Fọ́tò Òkè-Ìlewó:
Àga méjì ẹ gbé lé ara wọn, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ẹ̀yìn èyí tó wà lókè. Ẹ nà fóònù dúró tó bá jẹ́ status àti Reels (fídíò kékeré orí Instagram). Ẹ nu ojú kámẹ́rà pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ. Kí ọmọ ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ aró, ẹ má fi ọwọ́ sódà kan fóònù lẹ́yìn ìyẹn.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ọmọ ní dátà òun ti tán láti àná, pé báwo lòun ṣe fẹ́ ká a?

Fọ́tò Òkè-Ìlewó:
Ẹ sọ fún un pé kíká ò gba dátà. Kó dìde.